Tẹlifíṣọ̀n bàbá mi ń fọhùn, ṣùgbọ́n ìlà funfun kan ṣoṣo ló ń hàn lójú rẹ̀

Ọmọ Ẹlẹ́ja, Ìgbógbó:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn onídìí ńlá yẹn ni, ìǹṣì 21, tó jẹ́ pé ènìyàn méjì ló ń gbé e. Bàbá mi ló rà á lọ́dún 2003. Ìyá mi ní láti Ìdúmọ̀tà ló ti gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi, ó gbé e lé itan títí tí wọ́n fi gúnlẹ̀ sí Èbúté Ìkòròdú níbí, nígbà tó sì fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kú tipiri. Bàbá mi ti di olóògbé báyìí. Ẹ rí ìdí tí mi ò fi lè sọ lójú ìyá mi pé ká jù ú nù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, à ń wo ìròyìn aago mẹ́jọ alẹ́, iná ṣẹ́jú, ó lọ, ó tún dé lẹ́ẹ̀kan náà. Bó ṣe dé báyìí, ohùn ń jáde, akọ̀ròyìn ń ka ìròyìn rẹ̀ lọ, àmọ́ gbogbo àwòrán ti ká jọ di ìlà kan, tín-ín-rín bí òwú, láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún, ní àárín gbùngbùn. Òkè dúdú, ìsàlẹ̀ dúdú. Ìlà yẹn mọ́lẹ̀ débi pé ó ń dun ojú. Mo wá sún mọ́ ọn. Àwọ̀ wà nínú rẹ̀! Pupa díẹ̀, búlúù díẹ̀, ó sì ń yí padà bí akọ̀ròyìn ṣe ń mi orí. Kí n má parọ́, ẹ̀rù bà mí.

Mo pe ọmọkùnrin kan tó ń tún nǹkan ṣe ládùúgbò wa. Kò ṣí i, kò fi mítà kankan wò ó. Ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Túùbù ti kú nìyẹn, àǹtí. Kò sí túùbù tuntun lọ́jà mọ́." Ó ní òun á bá wa gbé òkú rẹ̀ kúrò nílẹ̀, òun á sì fún wa ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà. Ìyá mi ní kó máa lọ sílé ẹ̀.

Ẹ bá mi dá a lóhùn: ṣé lóòótọ́ ni túùbù ti kú? Àti pé kí ló wà nínú ìgò túùbù yẹn gan-an? Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ihò ẹ̀yìn rẹ̀, ohun tó rí bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ kẹrosíìnì ni mo rí, ẹnu rẹ̀ kọjú síwájú, ọrùn rẹ̀ kọjú sẹ́yìn. Mi ò rí ibi tí àwòrán lè gbà wọbẹ̀.


Alága Agric:

Àǹtí, ẹ tètè gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta yẹn kí ó tó yí ọkàn padà o! Èmi ò rí ẹni tó fún mi ní kọ́bọ̀. Tèmi ti di ilé adìyẹ lẹ́yìnkùlé láti ìgbà Kòrónà. Mo tú gbogbo ìfun rẹ̀ dànù, ó ku páálí rẹ̀, àgbébọ̀ mẹ́ta ń yé sínú rẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn.


Bàbá Túùbù, Sábó:

Ọmọ Ẹlẹ́ja, má dá Alága lóhùn, màá padà sọ́dọ̀ òun àti adìyẹ rẹ̀. Kí o tó ka ọ̀rọ̀ mi síwájú, lọ ṣe nǹkan kan fún mi. Bí ẹ bá ṣì ń tan tẹlifíṣọ̀n yẹn nítorí ohùn rẹ̀, ẹ pa á. Bí ìyá rẹ bá ní dandan òun á gbọ́ ìròyìn, ẹ rẹ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ títí ìlà yẹn ò fi ní hàn mọ́.

Ó yá. Túùbù yín kò kú. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà láti Sábó níbí láìtíì rí i. Ìlà tó ń dun ojú yẹn ni ẹlẹ́rìí mi. Òkú kì í tan iná. Láti 1983 ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo sì mọ bí túùbù ṣe ń kú. Ó máa ń rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ tan án, á lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó jí, ojú gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ á wá dà bí ẹni tí wọ́n fi eérú pa lára. Ọmọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, bóyá kò mọ̀ ni o, bóyá ó sì mọ̀. Wáyà bàbà tó wà nínú ẹrù yẹn ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ.

Nísinsìnyí, ohun tó wà nínú ìgò. O ní o ò rí ibi tí àwòrán gbà wọbẹ̀. Òótọ́ lo sọ, torí kò sí àwòrán níbẹ̀, kò sì sí ọjọ́ kan tó wà níbẹ̀ rí. Ẹyọ tó-tó iná kan ló wà níbẹ̀, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ó ń tàn, ó sì ń sáré. Ojú ìwọ ló ń sọ ọ́ di àwòrán.

Ọmọ ẹlẹ́ja ni ọ́, kò yẹ kí èyí ṣòro. Nígbà tí a wà ní kékeré ní Èbúté, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, a máa ń yọ igi tó ti pọ́n lórí kúrò lábẹ́ àgbá tí wọ́n fi ń yan ẹja, a ó wá máa fì í yí po lójú òkùnkùn. Iná ẹyọ kan ni, ṣùgbọ́n òrùka iná ni ẹni tó wà lókèèrè ń rí. Ọmọ tó bá mọwọ́ rẹ̀ dáadáa lè kọ lẹ́tà sójú òkùnkùn. Ìyá mi á ní ká máa ṣe é lọ, orí ẹní la máa tọ̀ sí lóru. Eré yẹn náà ni tẹlifíṣọ̀n ń ṣe. Ó kàn yára ju ọwọ́ ọmọdé lọ ni.

Ta ló ń fì í? Bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn ìgò, níbi tó tín-ín-rín jù lẹ́yìn. Ohun kékeré kan wà níbẹ̀ tí fóltì 6.3 péré ń mú gbóná. Bí ẹ bá pa iná pálọ̀, ẹ lè rí i tó ń pọ́n fírífírí bí ẹ̀yinná. Iwájú rẹ̀ ni wọ́n fi nǹkan funfun kùn, báríọ́ọ̀mù àti sitirọ́ńtíọ́ọ̀mù ló wà nínú rẹ̀. Bí nǹkan funfun yẹn bá ti gbóná, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, àwọn ẹyọ iná tín-íntìn-tín tí ojú ò lè rí, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lára rẹ̀ bí esunsun ṣe ń tú jáde nínú ilẹ̀ lẹ́yìn òjò. Àmọ́ esunsun kì í mọ ibi tó ń lọ. Àwọn wọ̀nyí mọ̀ ọ́n. Flyback, ẹ̀rọ tó ń sọ iná kékeré di ńlá, ti gbé nǹkan bí fóltì 25,000 gba inú wáyà pupa kan lọ sí etí ìgò, níbi tí ẹ rí rọ́bà dúdú tó rí bí ife, fóltì yẹn ló sì ń pè wọ́n. Lójú ọ̀nà, wọ́n á gba inú àwọn ife irin kéékèèké tó ní ihò. Èyí àkọ́kọ́ ni ẹ̀ṣọ́, òun ló ń pinnu iye tó máa kọjá, púpọ̀ fún ibi tó mọ́lẹ̀, díẹ̀ fún ibi tó ṣókùnkùn. Àwọn yòókù ń fún wọn pọ̀ di ẹyọ okùn kan. Okùn yẹn á lọ kọlu ojú gíláàsì, níbi tí wọ́n ti fi nǹkan bí ẹfun kùn láti inú, ibi tó bá bà á tàn yòò. Wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú ìgò náà jáde tẹ́lẹ̀, torí afẹ́fẹ́ ì bá tú wọn ká kí wọ́n tó débẹ̀.

Bó bá mọ síbẹ̀, ẹyọ tó-tó kan ni ẹ ò bá máa rí ní àárín ojú tẹlifíṣọ̀n, kò ní kúrò níbẹ̀. Ẹ wá wo ibi tí ọrùn ìgò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. Wáyà bàbà wà níbẹ̀ tí wọ́n wé mọ́ ọn bí gèlè. A máa ń pè é ní yoke. Gèlè méjì ni, ọ̀kan wà lórí èkejì. Bí iná bá gba inú wọn, wọ́n á di òòfà, òòfà sì máa ń tẹ ọ̀nà ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Gèlè kan ń fà wọ́n láti òsì sí ọ̀tún. Gèlè kejì ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bó ṣe ń fa ìlà kan tán ló ń bọ́ sí èyí tó kàn, bí ẹni tó ń fi ọwọ̀ gbá ìta.

Lórílẹ̀-èdè wa níbí, ìlà 625 ló jẹ́ odindi àwòrán kan, àwòrán 25 ló sì ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀: ìlà 15,625 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ rántí nọ́ńbà yẹn. Kì í tiẹ̀ fà wọ́n tẹ̀ léra. Á kọ́kọ́ fa ìlà kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún, títí dé ìsàlẹ̀, á wá padà sókè lọ fa àwọn tó fò. Ọgbọ́n ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí àwòrán má baà máa ṣẹ́jú mọ́ wa. Ojú tẹlifíṣọ̀n yín fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40. Mo fi kákúlétọ̀ ṣírò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan tí ọjà kò yá: ó ju kìlómítà 6 lọ tí ẹyọ tó-tó yẹn ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, inú pálọ̀ yín náà ló sì wà.

Ó ti yẹ kí o mọ ohun tó ṣe tìrẹ báyìí. Gèlè òsì-sí-ọ̀tún ń ṣiṣẹ́. Èyí tó ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ló dákẹ́. Gbogbo ìlà 625 yẹn ṣì wà níbẹ̀, ọmọ mi, ọ̀kan ò sọnù nínú wọn. Ojú kan náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí o fi rí àwọ̀ tó ń yí nínú rẹ̀: akọ̀ròyìn yẹn, láti ṣóńṣó fìlà rẹ̀ dé ọrùn agbádá, ni wọ́n ká sínú òwú kan ṣoṣo. Mo sì ní kí ẹ pa á torí pé iná tó yẹ kó tàn ká gbogbo ojú, ibì kan ṣoṣo ló ń jó. Á jó ẹfun ibẹ̀ dúdú. Bí a bá wá tún un ṣe tán, àpá máa wà láàárín ojú gbogbo ẹni tí ẹ bá ń wò.

Ká ní apá òsì-sí-ọ̀tún ló kú ni, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ kò ní rí nǹkan kan rárá, àfi òkùnkùn, torí iṣẹ́ apá yẹn náà ni flyback fi ń rí fóltì 25,000 rẹ̀.

Ibi tí mo fura sí nìyí. IC kan, ẹ̀yà ẹ̀rọ kékeré kan, wà lórí bọ́ọ̀dù, ó ní ẹsẹ̀ méje, wọ́n so ó mọ́ pátákó alumíníọ́ọ̀mù kan torí ó máa ń gbóná. Òun ló ń fún gèlè kejì níná. Gbígbóná àti títutù fún ogún ọdún máa ń mú kí sódà, irin yíyọ́ tó lẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, là, iná tó ṣẹ́jú á wá fún un ní àbàrá ìkẹyìn. Ẹ̀yin ará Ìkòròdú sì mọ iná wa. Ilé iṣẹ́ amúnáwá Ẹ̀gbin wà ní Ìjẹ̀dẹ́ níbí, wọ́n kọ́ ọ láti mú mẹ́gáwáàtì 1,320 jáde, àwa tí a lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ la ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Ẹ jẹ́ kí n dákẹ́.

Gbé e wá sí Sábó. Má ṣí i fúnra rẹ o. Mo ní, má ṣí i.


Ọmọ Ẹlẹ́ja, Ìgbógbó:

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ ó pẹ́ fún wa. A ti pa á. Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún ìyá mi títí dé ibi ká yọ igi lábẹ́ àgbá ẹja, ó ní àwọn ọmọ tó máa ń ba iná òun jẹ́ nìyẹn, inú ń bí òun títí dòní.

Ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Ẹ ní ẹyọ tó-tó kan, okùn kan. Báwo ló ṣe wá ní àwọ̀? Ìgbà kan wà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé sípíkà ńlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, igun kan tẹlifíṣọ̀n di àwọ̀ ewé, ó lo ọjọ́ mélòó kan kó tó lọ. Àti pé nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí mo bá gbé apá sún mọ́ ojú rẹ̀, irun apá mi á dìde. Wọ́n sọ fún mi pé àǹjọ̀nnú ni.


Bàbá Túùbù, Sábó:

Wọ́n purọ́ fún ọ. Fóltì 25,000 ló wà lẹ́yìn gíláàsì yẹn, òun ló ń fa irun apá rẹ. Òun náà ló ń fa eruku, ìdí nìyẹn tí ojú tẹlifíṣọ̀n fi máa ń dọ̀tí ju gbogbo nǹkan pálọ̀ lọ, tí àwọn ọmọ fi máa ń kọ orúkọ sí i.

Ní ti àwọ̀, mo fi ọ̀kan ṣàlàyé kó lè yé ọ ni. Nínú tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀, okùn mẹ́ta ló ń jáde ní ọrùn ìgò, gèlè kan náà ló ń darí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹfun ojú rẹ̀ náà sì jẹ́ oríṣi mẹ́ta: èyí tó ń tàn pupa, èyí tó ń tàn àwọ̀ ewé, èyí tó ń tàn búlúù. Bí a bá tún tìrẹ ṣe tán, fi ìka bọ omi, kán ẹ̀kán kékeré kan sójú rẹ̀ nígbà tí ohun funfun bá wà níbẹ̀. Ẹ̀kán omi yẹn á ṣe bí awò tó ń mú nǹkan tóbi lójú, wàá sì rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kò sí funfun níbẹ̀. Kò sí yẹ́lò pẹ̀lú. Ẹni tó bá wọ agbádá yẹ́lò, pupa àti àwọ̀ ewé ló ń tàn pa pọ̀ lára rẹ̀.

Báwo ni okùn pupa ṣe ń mọ ẹfun pupa? Asẹ́ ni. Pátákó irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lẹ́yìn ojú gíláàsì, ihò kéékèèké kún inú rẹ̀ lọ súà bí asẹ́ ògì. Okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gba ihò kan náà, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń wá yàtọ̀, nítorí náà ibi tí wọ́n máa balẹ̀ sí yàtọ̀. Ó dà bí ènìyàn mẹ́ta tó ń yọjú lójú fèrèsé kan, ọ̀kan dúró lápá òsì yàrá, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ohun tí kálukú ń rí níta kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ wá gbé sípíkà dé. Òòfà ńlá wà nídìí sípíkà. Ó ti okùn kúrò lójú ọ̀nà, okùn pupa lọ ń bá ẹfun àwọ̀ ewé sọ̀rọ̀. Èyí tó burú jù ni pé irin ni asẹ́ yẹn, òun náà máa ń gba òòfà sára. Ohun tó mú kó lọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni "gùùùn" tó máa ń dún bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án. Wáyà kan wé mọ́ etí ojú rẹ̀ látinú, iná ńlá á gba ibẹ̀ kọjá, á sì rọra kú, á fọ òòfà ara asẹ́ dànù. Àmọ́ bí ẹ bá ń pa á, tí ẹ tún ń tan án lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe é. Ó gbọ́dọ̀ tutù ná.

Ìdí tí mo fi ní o ò gbọ́dọ̀ ṣí i. Lọ́dún 1984, mo ti lo ọdún kan lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá mi ní kí n tú túùbù kan sílẹ̀. Láti àná ni wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára iná, ọkàn mi balẹ̀. Mo ki ìka bọ abẹ́ rọ́bà dúdú tó wà létí rẹ̀. Ohun tí mo tún mọ̀ ni pé mo wà nílẹ̀ lẹ́bàá ògiri kejì, apá mi ń gbọ̀n, ife tíì ọ̀gá mi ti fọ́, ọ̀gá mi sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó kí ọ?" Nǹkan dúdú bí ẹ̀ẹ́dú ni wọ́n fi kun inú ìgò yẹn àti ìta rẹ̀, gíláàsì wà láàárín wọn. Kapásítọ̀ ńlá nìyẹn, ó ń pa iná mọ́ sínú bí ìkòkò ṣe ń pa omi mọ́, kì í wò ó pé ẹ ti fa wáyà iná yọ. Láti ọjọ́ yẹn, mo ní sukurudiráífà kan tí mo so wáyà mọ́, màá fi ìdí wáyà kọ́ okùn irin tó wà lẹ́yìn túùbù, màá wá fi ẹnu rẹ̀ yọ́ wọ abẹ́ rọ́bà. Á dún "pá!" Ọwọ́ òsì mi á wà lẹ́yìn mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń ṣe é. Ogójì ọdún ó lé, ó ṣì wà lẹ́yìn mi.

Alága Agric, ìwọ tí o tú ìfun tẹlifíṣọ̀n dànù, ibo lo da ìgò rẹ̀ sí?


Alága Agric:

Bàbá, ẹ má bínú. Àwọn ọmọ tó ń ṣa irin ló gbé e. Wọ́n fi òkúta fọ́ ọrùn rẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà, wọ́n yọ bàbà rẹ̀, wọ́n fi èyí tó kù sílẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀.


Tíṣà Físíìsì, Ìta Ẹlẹ́wà:

Bàbá, ẹ kú làákàyè. Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS3 ní ẹ̀kọ́ yìí, mi ò rántí esunsun rí. Màá jí i lò.

Alága, ẹ lọ fi ọkọ́ àti àpò kó ìgò yẹn kúrò lẹ́bàá gọ́tà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Òjé wà nínú gíláàsì apá ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí bí àrọ, ó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo rẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ ni, torí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó fi irú eré yẹn kọlu nǹkan máa ń mú X-ray jáde, òjé ló ń dá a dúró kó má dé ara wa. Nínú ilé, ó dáàbò bò wá. Lẹ́bàá gọ́tà, májèlé ni, pàápàá fún àwọn ọmọdé. Ọlọ́run ló sì yọ àwọn ọmọ tó fọ́ ọ. Afẹ́fẹ́ ayé ń tẹ ìgò tí kò ní afẹ́fẹ́ nínú láti gbogbo ìhà. Lórí ojú ìǹṣì 21 nìkan, ó ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Bó bá fọ́ láti iwájú, inú ni yóò kọ́kọ́ wó sí, àfọ́kù á wá fò jáde.

Ní ti eré, Bàbá sọ eré ẹyọ tó-tó, kìlómítà 6. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fúnra wọn tún yàtọ̀. Pẹ̀lú fóltì 25,000, wọ́n ń sá tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá eré ìmọ́lẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 90,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti ọrùn ìgò dé iwájú, ẹ ò lè ronú bó ṣe kéré tó.

Karl Ferdinand Braun, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣe irú ìgò yìí lọ́dún 1897, kì í sì í ṣe nítorí tẹlifíṣọ̀n. Ó fẹ́ fi ojú rí bí iná mànàmáná ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ ni. Ọdún yẹn kan náà ni J. J. Thomson ní Cambridge fi irú ìgò bẹ́ẹ̀ fi hàn pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wà. Ní 1926, Kenjiro Takayanagi ní Japan fi àwòrán hàn lójú rẹ̀: ẹyọ lẹ́tà èdè wọn kan. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní October 31, 1959, ìgò Braun náà ni àwọn bàbá wa jókòó sí iwájú rẹ̀.

Ó ku ẹyọ kan tí mo fẹ́ bá Bàbá fà. Ẹ ní ojú wa nìkan ló ń sọ ọ́ di àwòrán. Ẹfun yẹn náà kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń tàn díẹ̀ lẹ́yìn tí okùn bá ti kọjá. Òun náà ń bá ojú wa ṣe é.


Bàbá Túùbù, Sábó:

Mo gbà, Tíṣà. Ogúnná náà máa ń fi ìrù sílẹ̀ lẹ́yìn. Àmọ́ ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ kíákíá, kí ẹ wo bí àwòrán ṣe máa gé sí méjì, apá kan á mọ́lẹ̀, apá kan á dúdú. Ojú wa ṣì ni ọ̀gá.


Ọmọ Ẹlẹ́ja, Ìgbógbó:

Mo padà wá jábọ̀. Àná la fi aṣọ ìyá mi dì í, a gbé e wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, a fi owó èrò méjì kún un, ó di Sábó. Bàbá Túùbù kì í ṣe àgbàlagbà tó rẹ̀ bí mo ṣe rò o. Òun nìkan ló gbé e sórí tábìlì.

Ó yọ ẹ̀yìn rẹ̀. Eruku inú rẹ̀ tó ẹ̀kún agolo kan. Ó kó ọwọ́ òsì sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ, ó fi sukurudiráífà rẹ̀ yọ́ wọ abẹ́ rọ́bà. Ó dún "pá", ìyá mi pe Jésù. Ó wá yí bọ́ọ̀dù padà, ó fún mi ní awò, ó ní kí n ka ẹsẹ̀ IC náà láti òsì. Ìkarùn-ún, òrùka dúdú tín-ín-rín kan yí i po nínú sódà, bíi ti èékánná tó fẹ́ yọ. Ó fi ìka tì í, ó ń mì. Ohun tó ká gbogbo akọ̀ròyìn sínú òwú kan nìyẹn. Ó fa sódà àtijọ́ kúrò, ó fi tuntun sí gbogbo ẹsẹ̀ méje, ó pààrọ̀ kapásítọ̀ kan tó ti wú lórí.

Nígbà tó tan án, ó kọ́kọ́ dúdú. Lẹ́yìn náà ìlà yẹn yọ, ó sì là, ó là lọ sókè, ó là lọ sísàlẹ̀, bí ẹni tó ń tú aṣọ tí wọ́n ká. Àpá fẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín, bí ẹ ò bá wá a, ẹ ò ní rí i. Ó ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, ìyá mi ná an dé mẹ́rin ààbọ̀.

Mo kán omi sójú rẹ̀ nígbà tí a délé. Pupa, àwọ̀ ewé, búlúù. Mo ti pe gbogbo ará ilé wá wò ó.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, Bàbá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún méje, ní tẹlifíṣọ̀n náà ń ké bí ẹ̀fọn, "ííín", láìdákẹ́. Ó fi ọwọ́ di etí. Ìyá mi ní kò sóhun tó ń ké. Èmi náà ń gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ṣé nǹkan kan tún ti bàjẹ́ ni?


Bàbá Túùbù, Sábó:

Kò sóhun tó bàjẹ́. Flyback ni. Mo ní kí ẹ rántí 15,625: bó ṣe ń fa ìlà yẹn ló ń gbọ̀n, iye ìgbà tó sì ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn. Ohùn rẹ̀ ga débi pé etí àgbà kì í gbé e. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, mo lè dúró lójú títì kí n sọ ilé tí wọ́n ti tan tẹlifíṣọ̀n, kódà bí wọ́n pa ohùn rẹ̀. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Sọ fún ọmọ náà kó máa fetí sí i fún wa. Bí ó bá ní òun ò gbọ́ ọ mọ́ tí iná sì wà, kó ní kí o pè mí.